Apẹ̀rẹ̀ Gbànja Abẹ́ Fèrèsé

Ìṣojú mi ló ṣe, ẹnikẹ́ni ò ròyìn rẹ̀ fún mi. Èmi Bánkẹ́, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, nọ́ọ̀sì ni mí, mi ò sì fara mọ́ irọ́. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó lọ rín in níta.

Ọ̀sán ni, ní ilé ìwòsàn kan ní Ṣàgámù. Sàrátù bí ọmọkùnrin tí oṣù rẹ̀ ò pé, a sì gbé ọmọ sínú àpótí gíláàsì. Ìyá Sàrátù, Màmá Hàmdálátù tó ń ta gbànja ní Sábó, ti ọjà wá tààrà pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ obì wọn. Mo ní kí wọ́n gbé e sábẹ́ fèrèsé.

"Kí ló ń ṣe é, nọ́ọ̀sì?"

"Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ò tíì gbó, Màmá. Àwọn àpò kéékèèké ló wà níbẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀, ojú ò tó wọn. Sẹ́ẹ̀lì kan á ránṣẹ́ sí èkejì: ìwọ, fẹ́lẹ́, kí afẹ́fẹ́ ráyè kọjá, ìwọ, ṣe omi tó ń yọ̀, kí àpò má baà lẹ̀ pọ̀. Wọn ò tíì jẹ́ iṣẹ́ yẹn tán lára ọmọ yìí."

"Ta ló kọ́ wọn?"

Látọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, ẹnu ṣì ń yà mí.

"Gbànja náà," ni Màmá wí, "bí kò bá mí, á jẹrà." Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sídìí apẹ̀rẹ̀, wọ́n fẹ́ pààrọ̀ ewé tó bo obì bí àwọn olóbì ti í ṣe. Wọ́n ṣí ewé.

Ọmọ ò mí mọ́.

Ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ èémí rẹ̀ ń ké. Mo ń fún afẹ́fẹ́ sí i nímú, àyà ò gbéra. "Yéè! Màmá, ẹ gbàdúrà!" Ewé bọ́ lọ́wọ́ wọn, ó bo obì padà. Ọmọ mí.

Mo ní ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni. Màmá tún ṣí ewé láti pààrọ̀ rẹ̀. Èémí tún dá. Wọ́n bò ó kíá. Ó mí.

Mo yíjú sí apẹ̀rẹ̀. Ewé orí apẹ̀rẹ̀ ń gòkè. Ó ń sọ̀kalẹ̀, jẹ́jẹ́. Mo wo àyà ọmọ. Bákan náà.

"Sùbúhánàllàhi," ni Màmá wí. Ẹ̀rù bà mí, àmọ́ inú mi tún dùn débi pé omi bọ́ lójú mi.

Ọmọ yè. Fàrúkù ni wọ́n sọ ọ́. Ó ti ń lọ sílé ìwé, eré sísá ò sì jẹ́ kó jókòó. Màmá ò ṣí apẹ̀rẹ̀ náà mọ́. Ewé yẹn ò rọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Màmá ránṣẹ́ pè mí. Àìsàn ti dá wọn dùbúlẹ̀.

"Mo ti sọ fún Sàrátù. Ó ní obì lásán ni, òun á dà á nù. Nọ́ọ̀sì, àwa méjì la rí i."

Mo gbé apẹ̀rẹ̀ náà wálé. Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn mi ló wà báyìí, ó ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀. Fàrúkù ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Èmi ti lé lọ́gọ́ta, mi ò sì bímọ. Ta ni mo fẹ́ fà á lé lọ́wọ́?