Obìnrin Inú Aṣọ Ìbùsùn

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ lẹ àwòrán kejìlá mọ́ ògiri yàrá iṣẹ́ ọnà, ó wá sún sẹ́yìn wò wọ́n. Oòrùn ọ̀sán gba ojú fèrèsé wọlé, ó tàn sórí àwọn ìwé náà títí wọ́n fi dà bí ohun tó ń mí. Nínú èyí àkọ́kọ́, obìnrin arúgbó kan dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Nínú ìkẹta, atẹ́gùn kó sábẹ́ aṣọ ìbùsùn rẹ̀, aṣọ náà sì wú bí ìkùukùu. Kó tó di ìkẹfà, ìyá àgbà ti ń fò lókè òrùlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń mì ní òfuurufú.

Fíìmù kátúùnù oníṣẹ́jú kan ni olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ní kí kíláàsì wọn ṣe ní sáà yẹn. Kálukú máa kọ́kọ́ mú ètò tirẹ̀ wá: ìtàn ní ṣókí, ìrísí ẹni tí ìtàn dá lé, àti àwòrán méjìlá tó fi hàn bí ìtàn náà ṣe ń lọ. Ètò tó bá dára jù ni gbogbo wọn máa para pọ̀ ṣe, ẹni tó ni ín ló sì máa ṣe olórí iṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni Pẹ́lẹ́ńgẹ́ fi jókòó ti ìwé funfun. Ohun tó bá yà kì í tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ọjọ́ tó ń wá bùláńkẹ́ẹ̀tì nínú àpótí ìyá rẹ̀ ló rí ìwé pélébé kan lábẹ́ aṣọ, tí àwòrán oní-pẹ́ńsùlù kún inú rẹ̀. Ìyá rẹ̀, tó ń lọ aṣọ ní ilé ìfọṣọ, kò sọ fún un rí pé òun mọ àwòrán yà. Ọkàn kan ní kó béèrè. Ọkàn kejì ní ta ló tún ń wá ìwé tó ti pọ́n nídìí àpótí? Ti ọkàn kejì ló gbọ́. Ó ń wò ó yà láti ojú ewé kan sí èkejì.

Olùkọ́ dúró níwájú ògiri fún ìgbà pípẹ́. "Ibo ni ìyá àgbà yìí ń lọ?"

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ tún yíjú sí ògiri, ó ń wá èsì nínú àwọn àwòrán náà. "Ó kàn ń gbatẹ́gùn ni, sà."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ ní kó lọ ronú sí i, torí ẹni tó ń ṣe fíìmù gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ẹni inú fíìmù rẹ̀ ń fẹ́. Síbẹ̀, ètò rẹ̀ ni wọ́n mú. Láti ìgbà yẹn, tó bá ń lọ sílé, tó sì rí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn tó ń wú nínú atẹ́gùn, ńṣe ló máa ń dà bíi pé ìyá àgbà náà wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, tó ń gbójú kúrò lára òun.

Ọjọ́ tí àwọn òbí wá wo iṣẹ́ ọmọ wọn, ìyá Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti ibi iṣẹ́ wá tààrà, òórùn ọṣẹ ṣì wà lára rẹ̀. Olùkọ́ ń yin ọmọ rẹ̀ bọ̀. Obìnrin náà wo àwòrán kan tẹ̀ lé òmíràn títí dé ìkejìlá, ó wá fi ìka kan ẹsẹ̀ ìyá àgbà. Ó ní, "Ẹ ṣeun, sà," ó sì mú ọmọ rẹ̀, wọ́n ń lọ sílé. Lójú ọ̀nà, kò bá ọmọ rẹ̀ wí. Ó kàn béèrè bóyá ebi ń pa á ni.

Ká ní ó pariwo ni, ara ì bá tu Pẹ́lẹ́ńgẹ́. Odindi ọjọ́ méjì ni kò lè di pẹ́ńsùlù mú. Ní ọjọ́ kẹta, ó gba ilé ìfọṣọ lọ lẹ́yìn ilé ìwé. Ooru omi gbígbóná bo gbogbo ibẹ̀ bíi kùrukùru àárọ̀, ìyá rẹ̀ sì ń lọ aṣọ ìbùsùn láàárín rẹ̀.

"Màámi, ẹ má bínú. Mo mú ìwé yín, mo sì sọ fún wọn pé èmi ni mo yà á."

Ìyá rẹ̀ gbé áyọ́ọ̀nù nàró. "Ìyá mi ni ìyá àgbà yẹn," ó ní. "Oṣù mẹ́rin ni kò fi lè dìde. Tí mo bá ti ilé ìwé dé, màá jókòó tì í, màá yà á níbi tó ti ń fò. Ilé tí wọ́n ti bí i ló ń lọ. Àwòrán tó ti débẹ̀ ò sí nínú ìwé yẹn, torí ọwọ́ rẹ̀ ló wà nígbà tó dákẹ́." Ó tún aṣọ náà ká. "Ká ní o béèrè ni, ǹ bá ti sọ fún ọ."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ dìde níwájú kíláàsì, ó jẹ́wọ́. Olùkọ́ já àwọn àwòrán náà kúrò lára ògiri, ó gba ipò olórí lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gé máàkì rẹ̀ sí ìdajì. Adàwékọ ni àwọn kan ń pè é títí sáà fi parí, ó sì dùn ún wọra. Ètò ọmọbìnrin tó máa ń jókòó nídìí fèrèsé ni wọ́n wá mú, ìtàn agbòjò kan tó ń bẹ̀rù òjò. Iṣẹ́ tó kan Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni kó máa ya òjò. Ó ń lọ jókòó sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí òjò bá ń rọ̀, á máa wo bí ẹ̀kán kan ṣe ń nà gbọọrọ kó tó já, á sì yà á títí yóò fi rí bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gbé fíìmù náà sójú ògiri gbọ̀ngàn, òjò náà rọra ń kán sórí agbòjò. Ìyá rẹ̀ fà á mọ́ra. "Ó ń ṣe mí bíi kí n nawọ́ sí i," ó ní.

Olùkọ́ bi í bó ṣe rí i yà. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ò wọ́n Pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ó ti wá yé e pé iṣẹ́ ẹlòmíràn lè gba ìyìn fún èèyàn, ṣùgbọ́n kò lè fi ìdáhùn sí i lẹ́nu. Òjò lásán ni tirẹ̀, kò ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀kán kan níbẹ̀ tí Pẹ́lẹ́ńgẹ́ kò mọ ibi tó ti wá.