Ọwọ́ Tí Akínṣowọ́n Nà

"Jẹ́ kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ yàn, Akínṣowọ́n. Má ti ọwọ́ bọ̀ ọ́."

Ọ̀rọ̀ tí Fẹ̀yìntọlá sọ kẹ́yìn fún ọkọ rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀dọ̀fóró àgbìn ló fi sọ ọ́, ẹ̀dọ̀fóró tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ hù nínú ìgò, tí wọ́n gbìn sí i láyà, tí wọ́n sì búra pé yóò bá a dọ́jọ́ ogbó. Kò tíì pé ọdún kan tó fi dẹnu kọlẹ̀. Bí obìnrin náà ti dákẹ́ tán, ọ̀gá àwọn alágbìn bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó ní kò sí ohun tó ṣe ẹ̀dọ̀fóró náà, ara aláìsàn ni kò mọ̀ ọ́n gbà. Akínṣowọ́n wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Kò bú u. Ó kàn tutọ́ sí ilẹ̀ ilé ìwòsàn tó ń dán yinrin, ẹ̀rọ kékeré kan sì sáré yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wá nu itọ́ náà.

Láti ọjọ́ náà, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun tí Akínṣowọ́n kì í kẹ́gàn.

Ní ayé ìgbà yẹn, òkun ti gbé etíkun mì. Àwọn tó rí ọ̀nà ti kó lọ sí Agbede-Méjì, ìlú irin tí wọ́n so rọ̀ sójú òfuurufú. Àkàsọ̀ ojú ọ̀run ló ń gbé ènìyàn lọ síbẹ̀: wàá wọ inú yàrá kan, wọn á tilẹ̀kùn, yàrá náà á sì máa gun okùn irin lọ sókè bí aláǹtakùn. Àwọn tó kù ń gbé orí òkè ilẹ̀ ayé. Akínṣowọ́n wà lára àwọn tó kù. Ẹ̀rọ tó ń yọ iyọ̀ kúrò nínú omi òkun ló ń tún ṣe. Ìbídùn, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, kò fẹ́ tún ẹ̀rọ ṣe ní tirẹ̀. Eré olórin ló fẹ́ kọ́: kí ènìyàn kọrin, kó jó, kó sì di ẹlòmíràn lójú agbo, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Wọn á wá fún ẹ níwèé ẹ̀rí pé o mọ irọ́ pa," ni bàbá rẹ̀ wí.

"Bàámi, ta ló fún Màámi níwèé ẹ̀rí pé ó mọ iyán gún, kẹ́ ẹ tó fẹ́ ẹ?"

Ohùn ìyá rẹ̀ ni ọmọ náà ní. Kì í ṣe ohùn dídán. Ó máa ń fọ́ díẹ̀ níparí ìlà orin, a rí ṣákiṣàki bí aṣọ òfì tuntun. Bí ó bá ń kọrin nídìí aṣọ fífọ̀, bàbá rẹ̀ a gbé irin iṣẹ́ sílẹ̀, a dijú. Ohun kan ṣoṣo tí kò kẹ́gàn láyé nìyẹn.

Ilé-ẹ̀kọ́ méjì ló pe Ìbídùn fún ìdánwò. Èkíní wà lẹ́sẹ̀ òkè Ìdànrè. Páànù rẹ̀ ti dógùn-ún. Màmá Olúrántí, ìyá arúgbó tó ni ibẹ̀, jókòó lórí àpótí, ó wọ bàtà tí ọ̀tún kò bá òsì mu, ó ń jẹ àgbàdo sísun.

"Ibí yìí ni yunifásítì?" Akínṣowọ́n béèrè. Ihò òrùlé ló ń wò.

"Rárá o, ààfin ni. Ẹ rọra, ẹ má tẹ àgbàdo mi mọ́lẹ̀."

Ìbídùn bọ́ sí àárín yàrá, ó kọ orin tí ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ṣẹ̀dá nígbà tí omi bo ìlú wọn:

*Ìlú tó wà lábẹ́ omi,*
*Ta ní ń gbálẹ̀ ibẹ̀ láàárọ̀?*

Ohùn rẹ̀ fọ́ níbi "láàárọ̀." Màmá Olúrántí dẹ́kun àgbàdo jíjẹ.

"Tún un kọ. O ń bẹ̀ mí. Má bẹ̀ mí mọ́. Ibi tó fọ́ yẹn, ibẹ̀ ni kó o dúró sí."

Ọmọ náà tún un kọ. Ó tún un kọ títí òógùn fi bò ó. Wọ́n ní kó jó, ó jó. Ìyá arúgbó náà rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un.

"Ẹsẹ̀ ẹ méjèèjì ń bára wọn jà. Irú ijó wo rèé? Ṣùgbọ́n mo fẹ́ ẹ."

Kò sí òbí tí kò mọ ohun tó kàn. Bí a bá mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ olùkọ́, a kì í kàn fi í síbẹ̀ bí ẹrù. Òbí á di ọmọ náà mú lọ́rùn ọwọ́, á fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sínú àtẹ́lẹwọ́ olùkọ́, á ní, "Ọmọ yín rèé." Bí wọ́n bá ti fà á lé e lọ́wọ́ báyìí, ìyà tó bá jẹ ọmọ, olùkọ́ ló jẹ. Bí wọn kò bá fà á lé e lọ́wọ́, àlejò ni ọmọ náà níbẹ̀, bó ti wù kó pẹ́ tó.

Màmá Olúrántí nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró, ó nà án síwájú. Akínṣowọ́n rí háhá àgbàdo tó lẹ̀ mọ́ ọn. Ó ki ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bọ àpò ṣòkòtò.

"A ṣì ń wo ibòmíràn," ló wí.

"Ẹ máa wò ó." Ìyá náà ká ọwọ́ rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀. "Ọwọ́ mi ò ní í jẹrà."

Ìbídùn ṣáájú bàbá rẹ̀ rìn títí wọ́n fi délé.

Ilé-ẹ̀kọ́ kejì wà ní Agbede-Méjì. Dígí ni ilẹ̀ rẹ̀, ayé sì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ bí abọ́ omi. Àwọn òbí tó kún ibẹ̀ wọ aṣọ tó ń pààrọ̀ àwọ̀ bí agẹmọ. Ògiri ibẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Ohùn obìnrin kan ń tinú rẹ̀ jáde, ó ń ṣàlàyé òfin ilé-ẹ̀kọ́, ó ń tún un sọ.

"Nílé tiwa, etí ni ògiri ní," Akínṣowọ́n wí sókè. "Tiyín ti wá ní ẹnu."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká gbọ́," obìnrin kan bẹ̀ ẹ́.

Ó pòṣé. Ó kọ ẹ̀yìn sí ògiri, ó ń wo ẹ̀rọ tó ń gbé ìpápánu kiri, ó ń fi bàbá kan ṣẹ̀sín tó mú mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan.

Inú gbọ̀ngàn ni Awọnhùn wà. Ẹ̀rọ náà dà bí ìkarahun ìgbín ńlá, funfun. Ẹni tó ń ṣe ìdánwò á dúró sẹ́nu rẹ̀, á kọrin, ẹ̀rọ á sì fi ìmọ́lẹ̀ fa ohùn rẹ̀ bí okùn sójú òfuurufú. Okùn ti àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ náà ń lọ tààrà. Ti Ìbídùn ń gbọ̀n níparí.

"Àbùkù wà níparí," Awọnhùn wí. "Ó ṣeé tún ṣe."

Ìgbà náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Lábọ̀dé, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, dé. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ìbọ̀wọ́ funfun wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó na gbalaja sílẹ̀ níwájú Akínṣowọ́n.

"Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, bàbá. Àwa ò gbàgbé ilé níbí o. Ẹ fà á lé wa lọ́wọ́, báwọn baba wa ti ń ṣe é."

Ó dìde, ó na ọwọ́. Akínṣowọ́n wò ó. Ó rò ó lọ́kàn pé òmùgọ̀ leléyìí, pé Ìbídùn kò ní í wá síbí, pé ẹni tó fẹ́ ọwọ́ lásán kó gba ọwọ́ lásán. Ó sì tún ro ti ìdọ̀bálẹ̀ náà. Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti dọ̀bálẹ̀ fún un. Ó di ọmọ rẹ̀ mú lọ́rùn ọwọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sínú ìbọ̀wọ́ funfun náà.

"Ọmọ yín rèé," ló wí.

Ìbídùn ta gìrì, ó gbọn ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tí èèrà ta. Lábọ̀dé rẹ́rìn-ín músẹ́.

Nínú àkàsọ̀, bí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀, Akínṣowọ́n ò dákẹ́. "Wo bó ṣe dọ̀bálẹ̀ bí ẹni ń wá ìbò! Irú wọn ló gbin nǹkan sí ìyá rẹ láyà."

Ọ̀sẹ̀ náà kò tíì parí tí Ìbídùn fi wá bá a nídìí iṣẹ́.

"Bàámi, Ìdànrè ni mo fẹ́."

"Ibi tí òjò ti ń wọlé láìkanlẹ̀kùn?"

"Lókè yẹn, ẹ̀rọ ló gbọ́ mi. Ní Ìdànrè, ènìyàn ló gbọ́ mi."

Ẹ̀gàn kún Akínṣowọ́n lẹ́nu, ó gbé e mì. Ó rántí ọ̀rọ̀ Fẹ̀yìntọlá. "Ìwọ lo yàn," ló wí, kò sì fi nǹkan kan kún un. Nígbà tí ọmọ náà lọ tán, ó wo àwòrán ìyàwó rẹ̀ bí ẹni ń retí ọpẹ́.

Bí Ìbídùn ti ń palẹ̀ mọ́ ni ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Ibà mú un, ibà lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ara rẹ̀ yá, ó jókòó nídìí aṣọ fífọ̀, ó kọ orin ìyá rẹ̀. Irin bọ́ lọ́wọ́ Akínṣowọ́n.

Ohùn náà dán bíi dígí. Ó gòkè, ó sọ̀, ó parí sí "láàárọ̀" láìyẹ̀, láìfọ́. Kò sí ẹnì kankan nínú rẹ̀.

Ìbídùn dákẹ́. Ó tún un kọ. Ó fi ọwọ́ tó kún fún ọṣẹ di ọ̀fun rẹ̀ mú.

"Bàámi, kì í ṣe èmi nìyẹn."

Wọ́n pe Lábọ̀dé. Àwòrán rẹ̀ dìde láàárín pálọ̀, funfun báláú, ó ń jẹun.

"Ẹ kú oríire! Ọ̀fun-àgbìn ti ta gbòǹgbò."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ gbin nǹkan sọ́fun ọmọ mi?"

"Ẹ̀yin ni, bàbá. Ọmọ yín ò tíì dàgbà tó lójú òfin, ọwọ́ òbí la máa ń gbà. Inú ìbọ̀wọ́ ni irúgbìn wà, ó kéré ju ọkà bàbà lọ. Bí òbí bá ti fa ọmọ lé wa lọ́wọ́, ó ti wọ ẹ̀jẹ̀ nìyẹn. Ògiri sọ ọ́, ó sì tún un sọ."

"Àṣà ni mo ṣe!"

"Àwa náà, àṣà la ṣe. Àwọn òbí ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́. La bá wá ohun tí ọwọ́ wọn ti mọ́ tẹ́lẹ̀."

"Ìwọ ọmọ yìí. O dọ̀bálẹ̀ fún mi kó o lè ráyè jí ọmọ mi lọ́fun."

"A ò jí i, a tún un ṣe. Bí kò bá wù ú láti wá, kò burú. Ẹ̀bùn ni, kó máa lò ó."

"Yọ ọ́ jáde."

"Bàbá, wọ́n ní ẹ máa ń yọ iyọ̀ kúrò nínú omi. Ṣé ẹ lè yọ ọ́ kúrò nínú ọbẹ̀?"

Akínṣowọ́n jókòó. "Ohùn ìyá rẹ̀ ni," ló wí.

Lábọ̀dé gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀. Ó bi í léèrè jẹ́jẹ́, bí dókítà tó ń wádìí àìsàn ìdílé: "Ìyá rẹ̀ náà ní àbùkù yẹn?"

Akínṣowọ́n ṣépè fún un títí àwòrán náà fi pòórá.

"Bàámi," Ìbídùn wí. Ohùn dídán náà mú kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dà bí ti ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ láti sọ̀rọ̀. "Ògiri yẹn, ẹ ò gbọ́ ohun tó ń sọ?"

"Mi ò gbọ́."

"Ẹ wà níbẹ̀ kẹ̀."

"Mo wà níbẹ̀."

"Kí lẹ wá ń ṣe?"

"Mo ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́."

Ìbídùn dá gbé ẹrù rẹ̀ lọ sí Ìdànrè. Màmá Olúrántí ní kó kọrin. Ó gbọ́ ọ dópin, kò sì jẹ àgbàdo.

"Mo mọ ohùn yìí. Gbogbo àwọn tó ti Agbede-Méjì jáde ló ní in." Ó na ìgbálẹ̀ kan sí i. "Máa gbálẹ̀ fún mi ná. Máa kọ́ ijó. A ó máa wá ibi tó ti lè fọ́. Ṣùgbọ́n àlejò mi ni ọ́ o. Sọ fún bàbá ẹ kó yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú àpò."

Ìbídùn jẹ́ iṣẹ́ náà. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ti dáwọ́ dúró, láti ìgbà náà.

Akínṣowọ́n ò tíì lọ sí Ìdànrè. Kò tíì fi ọwọ́ ọmọ rẹ̀ lé ọwọ́ Màmá Olúrántí. Kò tíì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kò tíì sọ fún Ìbídùn ohun tí ìyá rẹ̀ sọ kẹ́yìn. Kò tíì ká aṣọ Fẹ̀yìntọlá kúrò lórí okùn inú yàrá láti ọjọ́ ikú rẹ̀. Kò tíì ní kí ọmọ náà kọrin fún òun.