Ìyá Àgbà Ò Rìnrìn-Àjò

"Mi ò lọ! Mi ò lọ síbì kankan!"

Ọmọ náà di férémù ilẹ̀kùn mú gírígírí. Bàbá ẹ̀ ń fà á, ìyá ẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́, àpótí aṣọ wà nílẹ̀. Èmi aránṣọ tí mò ń gbé yàrá kejì, mo ju sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, mo sáré jáde. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ jàre. Ta ló máa gbọ́ irú igbe yẹn tí á jókòó?

Aláròyé la máa ń pè é, torí ẹnu ẹ̀ kì í sinmi. Ìyá bàbá ẹ̀ ló tọ́ ọ. Wọ́n jọ ń sùn, wọ́n jọ ń jí, wọ́n sì jọ ń yọ gbogbo wa lẹ́nu. Nígbà tí ìyá àgbà kú, àwọn òbí ẹ̀ ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kọjá etí ọmọdé. Wọ́n ní, "Ìyá àgbà rìnrìn-àjò ni. Wọ́n máa tó dé."

Ọmọ gbà wọ́n gbọ́. Ó di ẹni tó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó ń wo títì, tí kò sọ̀rọ̀ mọ́. Kò fẹ́ lọ sílé ìwé, torí bí ìyá àgbà bá dé lẹ́yìn òun ńkọ́? Ó tún wá bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sórí ibùsùn. Olùkọ́ ẹ̀ pè é ní olódo, àwọn ará ilé ń pè é ní atọ̀ọ́lé.

Káfíńtà ni bàbá ẹ̀. Lójú tiẹ̀, ohun tó bá wọ́, ẹ gbá a kó tọ́. "Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò," ló wí. "Ó ń lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ìyẹn á kọ́ ọ lọ́gbọ́n." Ló bá yíjú sí ọmọ: "Ìrìn-àjò ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré ni!"

Bó ṣe gbọ́ ìrìn-àjò, ló bá tún figbe ta.

Nọ́ọ̀sì tó ń gbé lókè wa, tó ń tọ́jú àwọn ọmọdé nílé ìwòsàn, sọ̀kalẹ̀ wá. Ó lóṣòó síwájú ọmọ. "Ọ̀rẹ́ mi, kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù?"

"Ẹni tó bá rìnrìn-àjò kì í padà wá mọ́."

Omi lé ròrò sójú mi. Bàbá ẹ̀ jókòó lé àpótí. "Nọ́ọ̀sì, a ò fẹ́ kó banú jẹ́ ni. Ọmọdé ni, á gbàgbé."

"Kì í gbàgbé, Bàbá Aláròyé. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sọ́mọ, àti bí àwa tá a yí i ká bá ṣe ṣe sí i, wà lára ohun tó ń sọ irú àgbà tó máa dà. Tẹ́ ẹ bá ń parọ́ fún un, ta ni ọmọ máa gbà gbọ́ lọ́la? Tí gbogbo wa bá ń pè é ní olódo, òun náà á gbà pé olódo lòun. Kì í ṣe agídí. Ọmọ yìí ń ṣọ̀fọ̀, kò sì mọ̀ pé ọ̀fọ̀ ni."

"Kí ni kí n ṣe?"

"Ẹ sọ òótọ́ fún un."

"Hàà! Èmi gan-an ò tíì lè sọ ọ́ jáde lẹ́nu."

"Ẹ jọ máa sunkún ẹ̀ nìyẹn."

Bàbá gbé ọmọ ẹ̀ lé ẹsẹ̀. "Ìyá àgbà ò rìnrìn-àjò, ọmọ mi. Wọ́n ti kú. Wọn ò ní padà wá."

Ọmọ bi í pé, "Ṣé torí mo ń sọ̀rọ̀ jù ni?"

"Rárá o! Rárá! Ọ̀rọ̀ ẹ ni wọ́n fẹ́ràn jù láyé." Káfíńtà bú sẹ́kún, ọmọ náà bú sẹ́kún, ìyá ọmọ sì ń kó aṣọ padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Ọmọ náà ò yí padà lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Nọ́ọ̀sì bá olùkọ́ sọ̀rọ̀ pé kó yé pè é ní olódo. Bí ibùsùn bá tutù, ìyá ẹ̀ á pààrọ̀ aṣọ ẹ̀ láìpariwo. Ní báyìí, inú wa ti ń dùn nínú ilé: ó ti padà sílé ìwé, àná ló bi mí ní ìbéèrè títí mo fi rán apá ẹ̀wù sódì.

Ẹ̀yin òbí, ikú, ìjà inú ilé, kíkó kúrò ní àdúgbò, gbogbo ẹ̀ ló ń kan ọmọdé. Ẹ fi èdè tó yé e sọ òótọ́ fún un. Ẹ bi í ní ohun tó ń rò, torí ó lè jẹ́ ara ẹ̀ ló ń dá lẹ́bi. Ẹ̀yin olùkọ́ àti ará ilé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé fi ọmọ ṣe yẹ̀yẹ́. Bó bá sì pẹ́ tí ara ẹ̀ ò yá, ẹ mú un lọ sílé ìwòsàn. Àgbà tó ní òun ò lè sunkún níwájú ọmọ, ṣé kí ọmọ náà wá máa dá sunkún tiẹ̀ ni?