Oríkì Ẹ̀yìn Oúnjẹ

“Àjíkẹ́! Àjíkẹ́ mi! Ọwọ́ rẹ kò ní rọ o!”

Múyìwá ń fọ ìkòkò nínú ilé ìdáná nígbà tí ohùn Mama wọlé bá a. Ó ju ọmọrí ìkòkò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ gbàgà.

“Kí ló já bọ́ níbẹ̀ yẹn?” Mama béèrè láti pálọ̀.

“Kò sí nǹkan kan, mà. Ọmọrí ìkòkò ni.”

Irọ́ ni. Nǹkan wà. Owú ni, ó sì ti jókòó sí ọmọkùnrin náà láyà láti bí oṣù kan.

Mama Ẹfúnróyè kì í fi oríkì ṣòfò. Orúkọ ilé ìwé ni ó fi ń pe àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹun tí oúnjẹ náà wọ̀ ọ́ lára, yóò fọ ọwọ́ rẹ̀, yóò nù ún sí etí ìró, yóò wá pe oríkì ẹni tó sè é tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará ilé kejì yóò fi gbọ́. Bí oúnjẹ kò bá wọ̀ ọ́ lára, yóò kàn ní, “O ṣeun.” Gbogbo àdúgbò wọn ní Ìlá Ọ̀ràngún ló mọ àṣà Mama yìí.

Oko kòkó ni àwọn òbí Múyìwá wà. Ọ̀dọ̀ Mama, ìyá bàbá rẹ̀, ni ó ti ń lọ sí ilé ìwé láti kékeré, òun ló sì ń dáná. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì máa ń pè é ní “Ìyá Olóúnjẹ”, kò tilẹ̀ bìkítà. Bí ó bá ti se àsáró ọ̀dùnkún tí àwọn òbí rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti oko, tí epo pupa rin ín dáadáa, tí edé sì pọ̀ nínú rẹ̀, Mama yóò jẹ ẹ́ tán, yóò fọ ọwọ́, ohùn rẹ̀ yóò sì dún: “Àyìnlá! Àyìnlá ọmọ mi!” Ọ̀rọ̀ kan yìí ni Múyìwá ń dáná fún, bí a bá fẹ́ sọ òótọ́.

Ìgbà náà ni nǹkan méjì dé lẹ́ẹ̀kan náà. Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀jẹ̀ Mama ń ru, kí wọ́n má fi iyọ̀ tàbí mágí sí oúnjẹ rẹ̀ mọ́. Ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Tèmi náà sì dé láti Ìbàdàn. Ọmọ àbúrò bàbá Múyìwá ni, oṣù díẹ̀ ni ó fi ju Múyìwá lọ. Ìyá rẹ̀ ti rí iṣẹ́ sí òkè òkun, bàbá rẹ̀ sì ti kú. Ó kó ẹrù rẹ̀ wá sọ́dọ̀ ìyá àgbà.

Ọmọ náà mọ oúnjẹ sè, kí a má purọ́. Yóò se pòtétò pẹ̀lú èèpo rẹ̀, yóò bó o nígbà tó bá ṣì gbóná, yóò fi ìdí ife rún un. Yóò wá din àlùbọ́sà tó pọ̀ nínú òróró díẹ̀ pẹ̀lú atalẹ̀, ata rodo àti ewé ẹfinrin gígé, yóò sì rò wọ́n pọ̀. Kò sí iyọ̀, kò sí mágí, síbẹ̀ Mama kì í wá iyọ̀. “Àjíkẹ́!”, oríkì Tèmi, ni yóò máa dún ní pálọ̀.

Àsáró Múyìwá ńkọ́? Láìsí iyọ̀, ó tẹ́ pátápátá. Mama á jẹ ìdajì, á rọra ti àwo sẹ́gbẹ̀ẹ́. “O ṣeun, Múyìwá.” Òun náà ti di ẹni “o ṣeun”!

“Jẹ́ kí n fi bí mo ṣe ń ṣe é hàn ọ́,” Tèmi sọ fún un ní ọjọ́ kan. “Kò le rárá.”

“Ta ló bẹ̀ ọ́? Ṣé kí o tó dé, ebi ló ń pa wá níbí ni?”

Tèmi yíjú padà sí ìkòkò rẹ̀. Òjòwú kò lẹ́ran láyà, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ẹ̀rín tí Tèmi àti Mama bá rín ní pálọ̀, ara Múyìwá ló ń gún.

Ní ọ̀sẹ̀ náà, ó ra iyọ̀ àti mágí díẹ̀ ní ìsọ̀ iwájú ilé ìwé. Ó lọ mágí náà kúnná, ó pò ó mọ́ iyọ̀ nínú agolo mílíìkì kan, ó sì tì í sẹ́yìn àpò gàrí. Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé kò dára. Òun náà dá ọkàn rẹ̀ lóhùn pé, “Díẹ̀ ni màá fi sí i. Ṣé díẹ̀ lè pa ènìyàn ni?”

Nígbà tí ó kan án láti dáná, ó bu díẹ̀ náà sínú àsáró. Mama fi ṣíbí kan sẹ́nu, ó sì dúró. Ó gbé ojú sókè, ó wo ọmọ náà títí. Múyìwá ń wo ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Nígbà tó yá, Mama tẹ̀ síwájú, ó jẹ ẹ́ tán, ó fọ ọwọ́.

“Àyìnlá!” ni ó wí. “Àyìnlá, ọmọ mi!”

Inú Múyìwá dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fò. Tèmi tọ́ èyí tó kù sí ìdí ìkòkò wò, ó ya ẹnu. “Kí lo fi sí i?”

“Ọwọ́ mi,” ni Múyìwá dáhùn, ó sì yọ ahọ́n sí i.

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ṣíbí kékeré kan di méjì, méjì di ẹ̀kúnwọ́. Bí Múyìwá bá ti gbọ́ “Àjíkẹ́” lónìí, ó di dandan kí òun gbọ́ “Àyìnlá” lọ́la.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, Mama dìde láti lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Òòyì kọ́ ọ, ó sì ṣubú lulẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn, kò lè la ojú dáadáa mọ́.

Bọ̀dá Bámgbóyè, àbíkẹ́yìn Mama tó jẹ́ olùkọ́ ní Ọ̀tan Ayégbajú, sáré dé. Nọ́ọ̀sì kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún un. “Ẹ̀jẹ̀ Mama ti ru kọjá bó ṣe yẹ, sà. Bí ẹ bá pẹ́ díẹ̀ sí i, ọ̀rọ̀ ì bá ti di nǹkan mìíràn. Ẹ wo inú oúnjẹ wọn dáadáa. Wọ́n ń jẹ iyọ̀.”

Ni Bọ̀dá bá yíjú sí Tèmi. “Ìwọ àti oúnjẹ òyìnbó rẹ! Kí o tó dé, ṣé Mama ń ṣubú ni?”

“Bọ̀dá, mi ò fi iyọ̀ sí i. Ẹ jọ̀ọ́, sà.” Tèmi ti kúnlẹ̀.

“Ta ló wá fi sí i? Ṣé Múyìwá tó ti ń dáná fún wọn láti kékeré ni? Lọ di ẹrù rẹ. Màá pe ìyá rẹ, kí ó wá ibòmíràn fi ọ́ sí.”

Tèmi kò ní ibòmíràn. Múyìwá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé, ṣùgbọ́n ìka tó ṣẹ̀ dúró síbẹ̀, kò sọ̀rọ̀. Nǹkan tó ti ń wá láti ọjọ́ yìí ti bọ́ sí i lọ́wọ́: Tèmi ń lọ. Ó retí kí inú òun dùn. Inú náà kọ̀, kò dùn.

Ní ọjọ́ kejì, ó bá Tèmi ní ilé ìdáná. Àpò rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Ojú rẹ̀ wú fún ẹkún, síbẹ̀ ó ń fi okùn di ewé ẹfinrin.

“Mo ti bó àlùbọ́sà sílẹ̀ fún ọ,” ni ó wí. “Bí Mama bá ti dé, atalẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ fi sínú òróró. Má jẹ́ kó jóná o. Bí ó bá ti ta sánsán, wọn ò ní rántí iyọ̀.”

“Kí ló dé tí o fi ń sọ ọ́ fún mi?”

“Ta ni màá sọ ọ́ fún? Ìwọ nìkan lo kù tó máa sè fún wọn.”

Múyìwá na ọwọ́ sẹ́yìn àpò gàrí, ó fa agolo náà yọ, ó sì ní, “Má lọ síbì kankan.” Ó sáré bọ́ síta, ó gun ọ̀kadà, ó di ilé ìwòsàn.

Mama ti lajú. Bọ̀dá Bámgbóyè jókòó tì í. Múyìwá dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó gbé agolo náà síwájú wọn.

“Èmi ni, sà. Èmi ni mo ń fi iyọ̀ sí i. Tèmi kò mọ nǹkan kan. Mo fẹ́ kí Mama máa ki èmi náà ni.”

Bọ̀dá dìde, ó gbé ọwọ́ sókè láti gbá a létí.

“Bámgbóyè, sọ ọwọ́ rẹ kalẹ̀,” Mama wí. Ohùn rẹ̀ kò ròkè, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà wálẹ̀. “Èmi náà mọ̀. Ṣé etí ni mo fi ń jẹun ni? Láti ṣíbí àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀. Iyọ̀ ń wù mí jẹ, mo sì rí ojú ọmọ yìí bó ṣe ń retí oríkì. Mo ní kí n má dójú tì í. Ibi tí mo ti jẹ̀bi nìyẹn, mo gbà.”

Ó yíjú sí ọmọ ọmọ rẹ̀. Kò pè é ní Àyìnlá. “Adémúyìwá, ti iyọ̀, àwa méjèèjì la jọ jẹ ẹ́. Ti ẹkún tí Tèmi sun lánàá, ìwọ nìkan lo ni ín. Lọ bẹ̀ ẹ́.”

Ó lọ bẹ̀ ẹ́. Tèmi kò dá a lóhùn ní ọjọ́ náà, kò sì dá a lóhùn ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Bọ̀dá Bámgbóyè bẹ Tèmi pẹ̀lú, àgbàlagbà tó mọ iyì ara rẹ̀ ni. Ó sì ní Múyìwá kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìkòkò oúnjẹ Mama títí Tèmi yóò fi yọ̀ǹda. Iṣẹ́ rẹ̀ di kí ó máa bó ọ̀dùnkún, kí ó máa lọ ata, kí ó máa fọ àwo. Láti ibi tó ti ń bó ọ̀dùnkún ni ó ti ń wo bí Tèmi ṣe ń din atalẹ̀.

Ọjọ́ kan dé tí Tèmi na ṣíbí ìrobẹ̀ sí i láìsọ̀rọ̀. Ọ̀dùnkún oko ni Múyìwá sè, epo pupa díẹ̀, atalẹ̀, àlùbọ́sà tó pọ̀, ẹfinrin. Ó gbé e síwájú Mama. Ó padà sí ilé ìdáná, ó fara ti ògiri.

Mama jẹ ẹ́ tán. Ó fọ ọwọ́, ó nù ún sí etí ìró. Lẹ́yìn náà, kò pe ẹnikẹ́ni.

“Ẹ̀yin ọmọ,” ni ó wá béèrè, “ta ló se eléyìí?”

Tèmi ló gbé ohùn sókè, sókè tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará ilé kejì fi gbọ́:

“Àyìnlá ni, Mama! Àyìnlá ló sè é!”

Mama bú sẹ́rìn-ín. Múyìwá fi apá aṣọ nu ojú, ó ní èéfín ni.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìfẹ́ àgbà kì í ṣe oúnjẹ inú àwo tí ẹnìkan yóò jẹ tí kò fi ní kù fún ẹlòmíràn. Múyìwá rò pé bí wọ́n bá ti ń pe Àjíkẹ́, Àyìnlá ti parí nìyẹn, díẹ̀ ló sì kù kí owú yẹn pa ẹni tí ń pe orúkọ méjèèjì.