Apá Òsì Nìkan Náà Tó

Ṣọ́ọ̀kì ti kun Nimotou dé ìgbọ̀nwọ́ lọ́jọ́ tí Moufoutaou kọ́kọ́ rí i dáadáa. Ọmọbìnrin náà dúró níwájú pátákó, ojú rẹ̀ le koko, ó sì lẹ́wà nínú ìbínú náà débi pé Moufoutaou tó jẹ́ olùkọ́ rẹ̀ gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ.

Ìdánwò ìṣirò ló dá ìjà sílẹ̀, ní yunifásítì kan lẹ́yìn odi tí wọ́n ti ń sọ Faransé, lọ́dún 1971. Wọ́n ní kí wọ́n kọ àwọn òfin tó ń sọ nǹkan di groupe, ìyẹn àkójọ àwọn ẹ̀yà tí a lè máa so pọ̀ ní méjì méjì. Gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wọn, ẹ̀yà kan gbọ́dọ̀ wà tí kì í yí èkejì rẹ̀ padà, ìbáà dúró lápá òsì, ìbáà dúró lápá ọ̀tún. Ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ ní èyí tó ń tú iṣẹ́ rẹ̀ lápá méjèèjì. Nimotou kọ ti apá òsì nìkan. Moufoutaou, tó máàkì ìwé, fi bírò pupa fagi lé e.

"Monsieur, ẹ wò ó." Ìlà mẹ́rin péré ni ọmọbìnrin náà kọ, apá ọ̀tún sì jáde láti inú apá òsì.

Moufoutaou kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Èmi ni mo ṣì í. Ẹ má bínú."

"N ò bínú mọ́. Ẹ ṣáà dá points mi padà."

Kò pẹ́ tí ìfẹ́ fi wọ àárín wọn. Nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Marcory, àdúgbò Nimotou, ọkùnrin a ní kí wọ́n fi pípín nìkan bẹ̀rẹ̀ groupe. Obìnrin a ní ó tó kí gbogbo ìdọ́gba ní ìdáhùn. Wọn a jiyàn títí wọn a fi sọ̀ kọjá ilé.

Ṣùgbọ́n Alhaji Màmúdù, bàbá Nimotou, ará Ìgbòho tó ń ta ẹ̀yà kẹ̀kẹ́, kò gbà nígbà tí Moufoutaou wá tọrọ rẹ̀.

"Ẹbí bàbá àtẹbí ìyá ló ń tọrọ ọmọ. Ẹbí bàbá ẹ dà?"

Moufoutaou wolẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti kú ní èbúté Vridi kó tó mọ̀ ọ́n, ìyá rẹ̀ náà ti lọ. Àtàndá télọ̀, àbúrò ìyá rẹ̀ ní Abobo, nìkan ló kù.

"Ọmọ dáadáa ni ẹ́," ni Alhaji wí, "ṣùgbọ́n n ò lè fọmọ fẹ́ni tí n ò mọ agboolé ẹ̀."

Nimotou sìn ín jáde. "Moufou mi, ta ló gba ìdána ìyá ẹ?"

"Ẹbí ìyá mi ni. Bàbá télọ̀ wà níbẹ̀."

"Lọ́wọ́ ta ni wọ́n ti gbà á?"

Ojú ti ń ti Moufoutaou láti kékeré pé kò mọ bàbá, kò béèrè rí.

"Bẹ̀rẹ̀ látibi tó o ní, lápá ìyá ẹ, professeur," Nimotou wí, ó sì fi ọwọ́ gbá a léjìká.

Àtàndá ya ẹnu nígbà tí Moufoutaou bi í. "Mo rò pé o ò fẹ́ gbọ́ ni!" Ó wá sí Marcory fúnra rẹ̀, ó dárúkọ agboolé Sùlé, bàbá Moufoutaou, ní Ìsẹ́yìn fún Alhaji. Alhaji fi lẹ́tà rán oníṣòwò tó ń lọlé. Oṣù méjì gbáko ni wọn ò fi gbúròó. Moufoutaou rù.

Nígbà tí èsì dé, Alhaji wọ gíláàsì rẹ̀, ó kà á sókè: "Ọmọ Sùlé wa ni. Ó lé lógún ọdún tí a ti ń wá a. Ẹ bá wa dì í mú, a ń bọ̀ wá bá a tọrọ ìyàwó."

Moufoutaou bú sẹ́kún bí ọmọdé. Nimotou tó yẹ kó wà ní yàrá jáde, ó kúnlẹ̀ tì í, ó fi ìborùn rẹ̀ nu ojú ọkùnrin náà níṣojú Alhaji.

Alhaji rọra ká lẹ́tà náà.

"Nimotou, lọ tún yàrá iwájú ṣe. Àwọn àna ẹ ń bọ̀."