Ẹni Tó Ń Bó Iṣu ní Kabusa

Bí a ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò mi ní Kabusa, Usamah tó ń fi ọmọlanke ta omi dúró, ó rẹ́rìn-ín sí Ọlábímtán, ọ̀rẹ́ mi.

"Baba, sànnu! Kwana biyu!"

Bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tí wọ́n ti mọ̀ rí, àmọ́ tí wọn ò rí tipẹ́, nìyẹn ní èdè Haúsá. Ọlábímtán wò mí.

"Múyìwá, èmi ò dé ibí rí o."

"Ó ṣì ọ́ mú ni. Gbogbo arúgbó ló jọra lójú wọn."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dé ojú rẹ̀. Kò tíì pẹ́ tó fẹ̀yìn tì ní mínísírì. Ìyàwó rẹ̀, Màmá Fẹ́rànmí, ti kú lọ́dún tó ṣáájú. Sátidé kan kì í kọjá kí màmá náà má wá bẹ àwọn aláìsàn ìjọ wa wò níbí, kì í sì í ṣíwọ́ àtimáa bẹ ọkọ rẹ̀ pé kí wọ́n jọ lọ. Èsì kan náà ló máa ń fún un: "Tí mo bá fẹ̀yìn tì." Nígbà tó wá fẹ̀yìn tì tán, ilé ò gbà á mọ́. Ó ní kí n gbé òun lọ. Ó ní bí Ọlọ́run bá ṣì lè lo òun, ibi tí ìyàwó òun fi sílẹ̀ ni.

Ìyá Ẹfúnróyè, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ, la kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Iná ti lọ, fáànù ò yí, síbẹ̀ òtútù wà nínú yàrá náà. Kò jẹ́ kí n sọ orúkọ wa.

"Ẹ wá dúró gbagidi bí àlejò? Iṣu ń bẹ níbẹ̀ yẹn. Àbí ẹ ti ń sá fún ọ̀bẹ?"

"Ẹ mọ̀ ọ́n ni, Ìyá?" Èmi ni mo bi í.

"Ẹni tó máa ń bó iṣu fún mi? Òun àti ìyàwó rẹ̀ kọ́ ló jọ ń wá ni?"

Ọlábímtán fa iṣu náà mọ́ra. Ó mú ọ̀bẹ. Kò bó iṣu rí láyé rẹ̀. Ìdajì iṣu ló ń bá èèpo lọ. Ìyá ń wo ọwọ́ rẹ̀ títí ẹ̀rín fi kúrò lójú ìyá náà.

"Hẹn-ẹn," ó ní, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Mo rò pé òun ló padà wá ni. Ẹ̀yin ọkọ gan-an nìyí."

"Ta ló ń bá ìyàwó mi wá, Ìyá?"

"Mi ò mọ̀. Ojú yín ni, ohùn yín ni. Ìgbà kan tó jáde lọ fọwọ́ ni ìyàwó yín sọ ọ́ sí mi létí: 'Ìyá, ọkọ mi kọ́ nìyẹn. Ọkọ mi wà nílé, ó ń ka ìwé ìròyìn.'"

"Ẹ̀rù ò bà á?"

"Ó bà á. Ó ní òun gbàdúrà pé kó lọ, kò lọ. Nígbà tó yá, ó ní òun ò gba àdúrà yẹn mọ́."

"Kí ló dé?"

Ìyá fa aṣọ bo ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ó ní tóun bá ń sọ̀rọ̀ lọ́nà, ẹni náà máa ń dá òun lóhùn."

Ọlábímtán bó iṣu náà tán. Ó sè é. Ó gbàdúrà fún Ìyá.

Láti ọjọ́ náà, kò pa Sátidé kan jẹ. Ṣùgbọ́n kì í jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi mọ́. Ẹ̀yìn ló máa ń jókòó sí. Mo máa ń gbọ́ tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí àyè tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á sì dákẹ́, á dúró de èsì, títí a ó fi dé Kabusa.