Àlejò tó Bá Mojọláolúwa Dé láti Igbó Ìsìnkú

"Mummy, ṣé Mama tó tẹ̀ lé Mojọlá wọlé ò ní jókòó ni?"

Ìlérí, ọmọ ọdún márùn-ún, ló bèèrè bẹ́ẹ̀, búrẹ́dì lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Mojọláolúwa, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, nìkan ló wọlé. Gbénró, bàbá wọn, ló lọ gbé e ní pápákọ̀ òfurufú láàárọ̀ yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló sì ti ilẹ̀kùn.

"Mama wo, Jagunlabí?" Gbénró ń rẹ́rìn-ín.

"Èyí tí omi ń kán lára ẹ̀."

Ẹ̀rín Gbénró kò parí. Lórí kápẹ́ẹ̀tì, láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀gbẹ́ àpótí Mojọláolúwa, ipa ẹsẹ̀ tútù wà, kékeré, láìsí bàtà. Òjò kò sì rọ̀ ní Thamesmead, ládùúgbò wọn ní London, láti ọjọ́ mẹ́ta.

Bernice, ìyá wọn, fa Mojọláolúwa mọ́ra. Nínú gbogbo kíláàsì wọn tó lọ sí Jàpáànì, ọmọ náà ló gbọ́ èdè ibẹ̀ jù; òun ni tíṣà fi ṣe ògbufọ̀. Bernice ti ròyìn rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Woolwich, ó ti ròyìn rẹ̀ fún àwọn arúgbó tó ń tọ́jú níbi iṣẹ́ títí ó fi sú wọn. Ṣùgbọ́n irun ọmọ náà ń rùn ewé tútù àti tùràrí, kì í sì í ṣe tùràrí ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn.

"Níbo lẹ dé gan-an?"

"Igbó ìsìnkú kan, Mummy. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ti ń rìnrìn àjò lọ síbẹ̀. Igi ga débi pé ọ̀sán ṣókùnkùn. Ewéko tín-ín-rín ti bo àwọn sàréè bí irun."

"Ta lo bá pàdé?"

"Mama àgbà kan. Wọ́n gbé garawa omi tí à ń dà sórí sàréè níbẹ̀, ó wúwo fún wọn. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo gbà á." Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Tíṣà wá ń bi mí pé ta ni mò ń kúnlẹ̀ fún."

Bernice ló kọ́ ọ. Ó ti sọ fún un láti kékeré pé ọmọ tí a bí ire kì í wo àgbà tó gbé ẹrù níran. Kò rántí kọ́ ọ pé ká kọ́kọ́ wò bóyá àgbà náà ní òjìji.

"Kí ni wọ́n bi ẹ́?"

"Pé ọmọ ta ni mí. Pé níbo nilé wa."

"O sì sọ fún wọn?"

"Àgbà ló bèèrè, Mummy!"

Bernice sáré mú agogo àdúrà, ó mì í. Ó rí ọmọ agogo náà tó ń lu irin. Agogo kò dún. Gbénró pe Jésù wúyẹ́wúyẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí àlejò gbọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́," Bernice sọ sínú afẹ́fẹ́, "ẹ má mú ọmọ mi lọ."

"Wọn ò wá mú mi," Mojọláolúwa wí. "Wọ́n ní ta ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Mo ní màmá mi ni. Wọ́n ní àwọn máa fẹ́ rí i."

Bernice wo ilẹ̀. Ipa ẹsẹ̀ náà ti kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí. Ó ti dé iwájú òun gan-an.

Ó gbé agogo sílẹ̀, ó fi eékún méjèèjì kanlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, Mama. Èmi ni ìyá rẹ̀."

Ọwọ́ kan tó tutù bí omi kànga bà lé e lórí. Síbẹ̀ inú rẹ̀ dùn, orí rẹ̀ wú. Ẹnì kan la òkun kọjá nítorí ẹ̀kọ́ ilé tí òun kọ́ ọmọ.

"Ìlérí, kí ni wọ́n ń sọ?"

"Ó ní ẹ kú iṣẹ́." Ọmọ náà yán. "Ó ní ọ̀nà jìn. Ó fẹ́ sùn."

Bernice mú aṣọ ibùsùn tuntun tó fi pamọ́ fún àlejò, ó tẹ́ ẹ sórí àga gbọọrọ tó wà ní pálọ̀. Oòrùn ọ̀sán ń tàn lójú fèrèsé, oorun sì ń gbé wọn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan: Ìlérí láyà bàbá rẹ̀, Gbénró níbi tó jókòó sí, Mojọláolúwa nílẹ̀, létí àga náà, kí ìyá rẹ̀ tó lè fà á kúrò. Bernice ní òun á ṣọ́ ọmọ òun. Ohun tó rí kẹ́yìn ni aṣọ ibùsùn náà tó ń rì láàárín, díẹ̀díẹ̀, àti irun ọmọ rẹ̀ tó ń tẹ́, bí ẹni pé wọ́n ń fọwọ́ pa á lórí. Ó fẹ́ dìde. Oorun gbé e.